Bí a ṣe ń ka máàpù ojú ọjọ́ l'Ékìtì ká tó ní òjò ń bọ̀

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń kọ́lé l'Ádó, wọ́n fẹ́ da dẹ́kì. Ó pè mí lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ó ní, "Àbúrò, ṣé kí n pe àwọn oníṣẹ́ lọ́la?" Mo wo fóònù mi, mo rí àwòrán oòrùn tí ìkúùkù kékeré kan jókòó tì, mo ní kó pè wọ́n. Títí di agogo méjì ọ̀sán, ojú ọ̀run mọ́. Kí ó tó di agogo mẹ́ta ààbọ̀, ọ̀nà Ìkọ̀lé ti dúdú, ẹ̀fúùfù ti ń ṣí páànù, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í da sórí kọ́ńkéré tí kò tíì le. Sìmẹ́ǹtì ṣàn wọ gọ́tà níṣojú wa. Nígbà tí mo padà lọ wo àwòrán sátẹ́láìtì ọjọ́ náà, ìjì yẹn ti wà lókè Lọ́kọ́ja láti agogo méjìlá ọ̀sán. Ẹni tó bá wò ó nígbà yẹn ì bá ti rí i pé ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. Èmi ni mi ò wò ó, owó ẹ̀gbọ́n mi ló sì bá a lọ.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́: ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí afẹ́fẹ́ ń ṣe lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ tó bi ẹ̀rọ pé kí ni yóò ṣe lọ́la. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó ń sá kòkó, ẹni tó ń da dẹ́kì, ẹni tó ń fi kánópì háyà fún olóde, àti ọ̀dọ́ tó kàn fẹ́ràn ojú ọ̀run. Ohun èlò rẹ̀ kò pọ̀: fóònù tó ní dátà, ìwé àjákọ kan, pẹ́ńsù, máàpù Nàìjíríà tí kò ní àwọ̀, àti agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé láti ìdí dé ẹnu. Ẹ ó sì máa gbọ́ ti NiMet, àjọ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 2003 fún iṣẹ́ yìí gan-an. Bí wọ́n bá kìlọ̀ pé ìjì líle ń bọ̀, ìkìlọ̀ wọn ni kí ẹ tẹ̀lé. Iṣẹ́ tiwa ni láti mọ ohun tí ìkìlọ̀ tó kó ìpínlẹ̀ mẹ́wàá pọ̀ yóò túmọ̀ sí fún ẹni tó wà ní Ìjerò.

Ilẹ̀ tí a dúró lé

Adó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 7.6 sí àríwá àti ìwọ̀n 5.2 sí ìlà-oòrùn. Ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ìwé yín, nítorí gbogbo ìṣirò tó kù, ibẹ̀ la ó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ìlà-oòrùn wa ni Òmùò, tó bá Kàbbà àti ilẹ̀ Kogí pààlà. Ìwọ̀-oòrùn ni òkè Ẹ̀fọ̀n àti Òkèmẹ̀sí, tí ẹ bá ti kọjá wọn, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló kàn. Ọ̀tùn wà lókè lọ́nà Kwara, Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ lọ́nà Àkúrẹ́. Ìlẹ̀kùn Òmùò ni ọ̀pọ̀ ìjì tó ní àrá àti ẹ̀fúùfù ń gbà wọlé. Àwọn àgbà wa mọ èyí kí sátẹ́láìtì kankan tó fò: bí ìlà-oòrùn bá ṣú, wọn a kó ohun tí wọ́n sá, bí ìwọ̀-oòrùn bá ṣú, ọkàn wọn a balẹ̀ díẹ̀.

Adó ga tó nǹkan bí mítà 450 sí orí òkun. Nítorí náà, bí fóònù yín bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀ tó, yóò máa ka nǹkan bí 960 hPa (hPa ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe ń tẹ ilẹ̀) nígbà tí máàpù ń sọ 1012. Kò sí èyí tó ṣìnà nínú méjèèjì. Máàpù ti ṣírò gbogbo ìlú bí ẹni pé etí òkun ni wọ́n wà, kí a lè fi ọ̀kan wé èkejì.

Ohun kan ń bẹ tó máa ń tan ẹni tuntun jẹ, ó tan èmi náà. Òjò ì báà rọ̀ tàbí kó má rọ̀, nọ́ńbà hPa yìí máa ń gòkè lójoojúmọ́ ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá àárọ̀ àti mẹ́wàá alẹ́, á sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin ìdájí àti mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rí i tó ń lọ sílẹ̀ lọ́sàn-án, yóò sì pariwo pé ìjì ti dé. Ẹ fi ti agogo mẹ́rin òní wé ti agogo mẹ́rin àná, ẹ má fi wé ti àárọ̀. Àwọn ìlà róbótó tí àwọn òyìnbó ń fà yí ibi tí nọ́ńbà yìí ti ga tàbí tó ti kéré ká ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní Yúróòpù. Lọ́dọ̀ wa, ìyàtọ̀ láti ìlú dé ìlú kéré jù, bí atẹ́gùn ṣe ń ṣàn ló ṣe pàtàkì.

Ẹ kọ́kọ́ wá ààlà

Afẹ́fẹ́ méjì ló ń jìjàdù lórí ilẹ̀ wa. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún omi. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ, òun ló ń mú ọyẹ́ wá. Ibi tí wọ́n ti pàdé lórí ilẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ ojú ọjọ́ ń pè ní ITD. Èmi á máa pè é ní ààlà. Bí mo bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré lóòjọ́ fún iṣẹ́ yìí, ààlà ni màá fi wá.

Ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n ni ìwọ̀n ìrì. Bí ẹ bá gbé ìgò omi jáde látinú fíríìjì, ara rẹ̀ máa ń làágùn, nítorí afẹ́fẹ́ tó yí i ká ti tutù dé ibi tí kò ti lè gbé omi inú rẹ̀ mọ́. Bí afẹ́fẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ tutù tó kí èyí tó ṣẹlẹ̀ ni ìwọ̀n ìrì. Bí omi bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, nọ́ńbà yẹn á ga. L'Ádó nígbà òjò, ó máa ń wà ní 22 tàbí 23 lórí ìwọ̀n Celsius. Bí ọyẹ́ bá mú gidi, ó lè já wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ 10. Ibi tí ìwọ̀n ìrì bá ti jẹ́ 15 ni àwọn oníṣẹ́ ń fa ààlà gbà.

Níbo lẹ ó ti rí nọ́ńbà yìí? Àwọn pápákọ̀ òfurufú máa ń ròyìn ojú ọjọ́ wọn ní wákàtí wákàtí, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. METAR lorúkọ ìròyìn náà. Àpẹẹrẹ rẹ̀ rèé:

DNAA 141400Z 22008KT 9999 FEW022CB 32/23 Q1011

Ó dà bí àrokò, àmọ́ kò le. DNAA ni Àbújá. 14 ni ọjọ́ oṣù, 1400Z ni agogo méjì ọ̀sán ní aago àgbáyé, ẹ fi wákàtí kan kún un, ó di mẹ́ta ọ̀sán lọ́dọ̀ wa. 22008KT ni pé atẹ́gùn ń ti ìwọ̀n 220 bọ̀, ìyẹn gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ní knot 8. Knot kan tó nǹkan bí kìlómítà 1.85 ní wákàtí. 9999 ni pé ojú ríran dé kìlómítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. FEW022CB ni pé ìkúùkù àrá díẹ̀ wà, ìdí rẹ̀ sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 2,200 sí ilẹ̀. Ooru jẹ́ 32, ìwọ̀n ìrì jẹ́ 23. Èyí tó kẹ́yìn ni hPa tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá rí TSRA, àrá ń sán, òjò ń rọ̀. Bí ẹ bá rí HZ tàbí DU, eruku ni.

Ẹ kọ àwọn kóòdù wọ̀nyí síbì kan: DNKN ni Kánò, DNKA ni Kàdúná, DNMN ni Minna, DNIL ni Ìlọrin, DNAK ni Àkúrẹ́, DNMM ni Èkó. Ẹ kọ ìwọ̀n ìrì ìlú kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí máàpù, kí ẹ wá fi pẹ́ńsù fa ìlà gba àárín ibi tó ju 15 àti ibi tí kò tó 15. Wákàtí kan náà ni kí ẹ máa lò lójoojúmọ́, torí ààlà yìí máa ń mì láàárín òru àti ọ̀sán. Kánò wà ní ìwọ̀n 12, Kàdúná ní nǹkan bí 10 ààbọ̀, Àbújá ní 9. Ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 111. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo rẹ̀ máa gbà yín. Mo rọ̀ yín, ẹ fi ọwọ́ ara yín fà á fún oṣù kan ó kéré tán, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rọ bá yín fà á. Ọwọ́ tó fa ìlà yẹn ni ojú á máa rántí.

Kí ni ẹ ó wá fi ààlà ṣe? Ẹ wọn bí Adó ṣe jìnnà sí i tó. Bí ààlà bá wà ní gúúsù wa, àwa wà ní ẹkùn A, inú ọyẹ́, òjò kò sí. Bí ó bá wà ní àríwá wa àmọ́ tí kò tíì jìnnà tó ìwọ̀n mẹ́rin, ẹkùn B nìyẹn. Omi ti wà nínú afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀, ara ń làágùn, ooru ń mú gan-an, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ ṣì dé e lórí bí ìdérí ìkòkò, ìkúùkù kò lè ga. Òjò tó bá rọ̀ á rọ̀ ní ibì kan péré, kò ní dé ibòmíràn. Tí ààlà bá ti lọ jìnnà tó ìwọ̀n mẹ́rin sí mẹ́wàá, ẹkùn C ni, ibùgbé àrá àti ìjì. Èyí tó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ẹkùn D, tí òjò á máa rọ̀ jẹ́jẹ́ tí àrá kò sì ní pọ̀.

Ẹ wá fi ọdún Èkìtì sórí rẹ̀. Ní oṣù kìíní, ààlà máa ń wà nítòsí wa tàbí nísàlẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi lè mú lọ́sẹ̀ yìí kí ooru sì padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Láti oṣù kẹta ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, a bọ́ sí ẹkùn B, lẹ́yìn náà C, àkọ́rọ̀ òjò á sì dé tòun ti ìjì. Ní oṣù kẹjọ ó máa ń ga dé nǹkan bí ìwọ̀n 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ó ti fi wá sílẹ̀ pátápátá, omi òkun tó wà nítòsí etíkun wa náà sì máa ń tutù lásìkò yẹn. Ìkúùkù á bolẹ̀, ojú ọjọ́ á tutù, òjò á sì dín kù fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kó tó tún pọ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Bí ààlà bá ń padà bọ̀, ó ń yára ju bó ṣe lọ, nítorí náà òjò oṣù kẹwàá lè parí lójijì mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Ẹ wo atẹ́gùn ní àjà mẹ́ta

Afẹ́fẹ́ dà bí ilé alájà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ lókè. Lórí Windy, ìkànnì máàpù ojú ọjọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti irú rẹ̀, ẹ lè yan àjà tí ẹ fẹ́ wò. Wọ́n máa ń fi hPa pè é.

Àjà 925 wà ní nǹkan bí mítà 800 sí orí òkun. L'Ádó, ìyẹn kò ju mítà 350 lọ sí orí ilé wa. Níbẹ̀, ẹ wò ó bóyá atẹ́gùn ń ti gúúsù ìwọ̀-oòrùn bọ̀ àti bí ó ṣe lágbára tó. Òun ló ń pọn omi wá.

Àjà 850 wà ní nǹkan bí mítà 1,500. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi í: ṣé atẹ́gùn òkun ṣì wà níbí? Bí ó bá wà, omi ti nípọn, ẹ̀rù òjò ti pọ̀. Bí àjà yìí bá ti yí padà sí àríwá ìlà-oòrùn, omi tó wà nísàlẹ̀ fẹ́lẹ́ bí aṣọ ni, kódà bí ara bá ń làágùn bí ẹni tó ń gún iyán.

Àjà 700, ní mítà 3,000, ni mo máa ń pẹ́ jù lórí rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ sí nǹkan bí 600, odò atẹ́gùn kan ń ṣàn láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn lórí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nígbà òjò. Òun ló ń ti àwọn ìjì wa láti Kogí wá. Bí ó bá lágbára tó knot 25 sí 30 tí atẹ́gùn ìsàlẹ̀ sì dojú kọ ọ́ láti ìwọ̀-oòrùn, àwọn ìkúùkù àrá á tò sí ọ̀wọ́ kan, wọ́n á sì rìn pọ̀ bí ọmọ ogun. Bí odò náà kò bá lágbára, ìkúùkù kọ̀ọ̀kan á dìde, á rọ òjò tirẹ̀ fún ìṣẹ́jú 40, á sì kú síbi tó ti dìde.

Odò yìí kì í ṣàn tààrà, ó máa ń lọ́ bí ejò. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni ìlọ́po kan ń kọjá. Ẹ máa wá ibi tí atẹ́gùn ti ń ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀ lápá òsì, tó sì ń ti gúúsù ìlà-oòrùn bọ̀ lápá ọ̀tún. Àárín wọn ni kòtò ìlọ́po náà. Ẹ fi pẹ́ńsù pupa fà á, kí ẹ kọ ìwọ̀n ìlà-oòrùn tó wà. Ó máa ń rìn ìwọ̀n mẹ́fà sí méje lóòjọ́. Bí ó bá wà ní ìwọ̀n 15 láàárọ̀ yìí, tó kù ìwọ̀n mẹ́wàá kó dé ọ̀dọ̀ wa, nǹkan bí ọjọ́ kan ààbọ̀ ló ṣẹ́kù. Ọ̀wọ́ ìjì sábà máa ń ṣáájú rẹ̀ díẹ̀.

Sátẹ́láìtì

Sátẹ́láìtì Meteosat ti ilẹ̀ Yúróòpù dúró sójú kan, nǹkan bí kìlómítà 36,000 lókè ìlà agbedeméjì ayé, ó sì ń ya Áfíríkà ní ìṣẹ́jú 15 sí ara wọn tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Oríṣi àwòrán méjì ni ẹ ó lò. Èyí tó ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn wúlò lọ́sàn-án nìkan. Èyí tó ń wọn ooru ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru: bí orí ìkúùkù bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe tutù tó, orí ìkúùkù ìjì ńlá sì lè tutù dé 70 tàbí 80 nísàlẹ̀ òdo.

Ẹ ṣọ́ra o: gbogbo ohun funfun kọ́ ni òjò. Ìjì tó ti kú máa ń fi ìkúùkù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sílẹ̀ lókè, ó tutù, ó funfun, kò sì ní ẹ̀kán omi kan. Etí rẹ̀ ni kí ẹ wò. Ìjì tó ń bẹ láàyè ní etí tó mú ní apá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ó sì máa ń tẹ̀ bí ọrun ọdẹ tó dojú kọ ibi tó ń lọ. Ìjì tó ń kú, etí rẹ̀ á ya bí òwú.

Bí ẹ bá ti rí ọrun yẹn, ẹ fi ìka lé etí rẹ̀ nínú àwòrán méjì tó fi wákàtí kan jìnnà síra, kí ẹ wọn bó ṣe rìn. Kìlómítà 50 ní wákàtí kan ni ó sábà máa ń rìn. Láti Lọ́kọ́ja sí Adó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 165, ìyẹn wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀. Láti Mákúrdí, nǹkan bí 360, wákàtí méje. Láti orí òkè Jos, nǹkan bí 475, wákàtí mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá. Orí òkè Jos yẹn ni kí ẹ máa ṣọ́ ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, torí ibẹ̀ ni oòrùn ọ̀sán ti ń gbé ìkúùkù dìde. Ìjì tó bá dìde níbẹ̀ tí kò kú lọ́nà ló máa ń kan ilẹ̀kùn wa ní òru tàbí ìdájí.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó ṣí módẹ́lì

Módẹ́lì ni ìṣirò tí kọ̀ǹpútà ńlá ń ṣe lórí gbogbo afẹ́fẹ́ ayé. Mẹ́ta ni mo máa ń wò: ECMWF ti Yúróòpù, tó pín ayé sí ojú igun mẹ́rin tó tó kìlómítà 9, GFS ti Amẹ́ríkà àti ICON ti Jámánì, tí tiwọn tó nǹkan bí 13. Ìgbà mẹ́rin lójúmọ́ ni wọ́n ń ṣírò. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní agogo kan òru wa máa ń ti wà nílẹ̀ nígbà tó bá fi di agogo mẹ́jọ àárọ̀, nítorí náà ẹ má kánjú wò ó ní agogo márùn-ún, ti àná lẹ ó rí.

Ìdí tí wọ́n fi ń ṣàṣìṣe lórí òjò wa kì í ṣe àìmọ̀ọ́ṣe. Ìkúùkù àrá kan lè má fẹ̀ ju kìlómítà márùn-ún lọ, ó kéré sí ojú igun mẹ́rin wọn, wọn kò rí i. Ṣe ni wọ́n ń díwọ̀n pé bí ooru àti omi bá tó báyìí, òjò díẹ̀ á rọ̀. Òkè Olósùnta n'Íkẹ́rẹ́ àti òkè Ẹ̀fọ̀n náà, wọ́n ti tẹ́ wọn pẹrẹsẹ nínú ìṣirò. Nítorí èyí, módẹ́lì fẹ́ràn láti rọ òjò kékeré ní ojoojúmọ́, ní agogo kan sí mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tí òjò gidi ń dé lálẹ́ pẹ̀lú ọ̀wọ́ ìjì. Bí ẹ bá rí "2 mm, agogo méjì ọ̀sán" lọ́jọ́ márùn-ún tẹ̀léra, ẹ kà á sí pé omi wà nínú afẹ́fẹ́. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo gbà lọ́wọ́ wọn láìjanpata ni atẹ́gùn, ìwọ̀n ìrì, àti ibi tí kòtò àjà 700 yóò dé lọ́la. Ibẹ̀ ni ọwọ́ wọn ti mọ́. Mo tún ń wo CAPE, tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ ṣe lè ru sókè tó bí ohun kan bá ta á jí. Ní 1,000 ẹ lè retí àrá, ní 2,000 sókè ohun ìjà ti wà nílẹ̀. Ẹ rántí pé ìbọn tí wọ́n kì lè má yìn. Bí kò bá sí kòtò, tí odò atẹ́gùn òkè kò sì lágbára, CAPE 3,000 lè kọjá lọ láìsí ẹ̀kán kan.

ECMWF kì í ṣírò lẹ́ẹ̀kan péré, ó ń ṣe é ní ọ̀nà 51 pẹ̀lú ìyàtọ̀ kékeré ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ka iye tó rí òjò nínú wọn. Tí 40 bá rí i, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 8 nínú 10. Kí ẹ sì tún fi ìṣirò òní wé ti àná lórí ọjọ́ kan náà. Tó bá ń yí ọ̀rọ̀ padà ní gbogbo ìgbà, ẹ má fi orí yín lélẹ̀ fún un.

Nígbà ọyẹ́

Iṣẹ́ rọrùn díẹ̀ nígbà yìí. Eruku tó ń bò wá, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń ti ibi kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé ní Chad bọ̀. Bí ẹ bá rí i lórí àjà 925 pé atẹ́gùn àríwá ìlà-oòrùn ti le lórí Chad, ẹ máa wo METAR Kánò. Tí ojú ò bá ríran ju mítà 2,000 lọ níbẹ̀, eruku lè dé ọ̀dọ̀ wa láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta. Ìwọ̀n ìrì Ìlọrin á kọ́kọ́ já. Ẹ sọ fún ẹni tó ń sá kòkó pé ọjọ́ rere ń bọ̀, ẹ sọ fún ẹni tó ń dáná igbó pé kó má dán an wò.

Ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún

Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ kan ṣe àpẹẹrẹ. Agogo mẹ́jọ àárọ̀: ìwọ̀n ìrì Kánò jẹ́ 19, ti Sókótó 16, ààlà ti kọjá ìwọ̀n 13. Adó jìnnà sí i tó nǹkan bí ìwọ̀n mẹ́fà, ẹkùn C nìyẹn. Atẹ́gùn òkun wà ní 925, ó sì ṣì wà ní 850. Knot 28 láti ìlà-oòrùn ní 700, kòtò wà ní ìwọ̀n 12. ECMWF ní 3 mm ní agogo méjì ọ̀sán, GFS ní Kàbbà nìkan ló máa rọ̀ sí, ICON ní 8 mm ní òru. Nínú ọ̀nà 51, 29 rí òjò, bíi 6 nínú 10. Èmi á gbé e sí 7, torí ààlà, atẹ́gùn àti kòtò fẹnu kò. N kò gba agogo méjì ọ̀sán yẹn gbọ́, òru ni mo fọkàn sí.

Agogo mẹ́rin, ìkúùkù ń dìde lórí òkè Jos àti lápá ìlà-oòrùn rẹ̀. Agogo mẹ́fà, ọrun kan ti yọ lókè Mákúrdí, etí rẹ̀ mú. Agogo mẹ́jọ, ó ti rìn kìlómítà 100, kò tíì rẹ̀ ẹ́. Ó kù 260. Mo kọ ọ́ báyìí: "Òjò pẹ̀lú àrá àti ẹ̀fúùfù, 7 nínú 10, láàárín agogo 12 òru sí 3. Òmùò àti Ìkọ̀lé ni yóò kọ́kọ́ rí i, yóò dé Ẹ̀fọ̀n láàárín wákàtí méjì lẹ́yìn wọn. Ẹ bo kòkó, ẹ so kánópì mọ́lẹ̀ tàbí kí ẹ tú u. Ẹni tó fẹ́ da dẹ́kì láàárọ̀ kó kọ́kọ́ pè mí ní agogo mẹ́fà."

Ẹ ṣàkíyèsí pé iye, wákàtí, ibi àti ohun tó yẹ kéèyàn ṣe ló wà nínú rẹ̀. "Òjò lè rọ̀" kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí wọ́n bá bi yín kí ni 7 nínú 10, ẹ ní: bí irú ọjọ́ báyìí mẹ́wàá bá wáyé, òjò á rọ̀ ní méje nínú wọn, kò ní rọ̀ ní mẹ́ta.

Agolo àti ìwé

Ẹ gbé agolo yín sí gbangba, jìnnà sí igi àti òrùlé, kí ẹ rì í mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí ẹ̀fúùfù má dà á nù. Ní agogo méje àárọ̀, ẹ fi rúlà wọn omi inú rẹ̀, kí ẹ dà á nù. Mílímítà kan nínú agolo túmọ̀ sí lítà kan lórí mítà kan níbùú lóòró. Lórí dẹ́kì tó fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún mítà bẹ́ẹ̀, òjò 20 mm jẹ́ lítà 2,000. Ohun tó dà sórí kọ́ńkéré ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn tàbí kó jù bẹ́ẹ̀.

Ẹ kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀ lójoojúmọ́: ohun tí ẹ sọ, ohun tó ṣẹlẹ̀, wákàtí tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fún ara yín ní máàkì. Bí ẹ bá sọ 7 nínú 10 tí òjò sì rọ̀, ẹ yọ 0.7 kúrò nínú 1, ó ku 0.3, ẹ ṣe é ní 0.3 lọ́nà 0.3, ó di 0.09. Bí kò bá rọ̀, 0.7 lọ́nà 0.7 ni, 0.49. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan tó ń sọ 5 nínú 10 lójoojúmọ́ á máa gba 0.25. Bí àròpín tiyín fún oṣù kan bá ju 0.25 lọ, ẹ dákẹ́ ná, ẹ má tíì máa ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Bí kò bá tó 0.25, ẹ ti ń mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ẹ ṣa gbogbo ọjọ́ tí ẹ sọ 7 jọ síbì kan, kí ẹ ka iye tí òjò rọ̀ nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ mẹ́rin péré nínú mẹ́wàá, 4 ni 7 yín ń jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sí iwájú ìwé náà, ibi tí ojú yín á ti máa rí i ní gbogbo alẹ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ nọ́ńbà tuntun.